Omi Àkọ́fọ̀ Aṣọ Tábìlì Olúwa

Ìwé ìtàn ìjọ wa kò ju ojú ewé mẹ́rìnlélógún lọ, èmi ni mo sì kọ ọ́. Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì fíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n á yọ ẹ̀dà kan fún yín láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo irọ́ inú rẹ̀ ló ní ẹlẹ́rìí, àyàfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ lórí tàípúráítà, kò sì gùn ju ìka mi lọ lórí ìwé. Síbẹ̀, òun ló gba ohun kan ṣoṣo tí obìnrin kan ń fẹ́ láyé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìròyìn èbúté ni mò ń kọ nígbà náà. Láàárọ̀, mo máa ń gba Creek Road lọ sí Apápá, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá àwọn awakọ̀ tírélà tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ọkọ̀ wọn sọ̀rọ̀, kí n tó kọjá sí èbúté Tin Can lọ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi pé kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ ìjọ bíi gbogbo ènìyàn ni mí, mo ń kọrin tẹ́nọ̀ ní ìlà kejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún àádọ́rùn-ún ni ìròyìn dé pé wọ́n máa gé wa kúrò lára dáyósísì àtijọ́, a ó sì ní bíṣọ́ọ̀bù tiwa. Fún ẹni tí kì í bá ṣe ará Áńgílíkà, bí nǹkan ṣe rí nìyí: gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan ni à ń pè ní dáyósísì. Wọ́n máa ń pín in sí ẹkùn, aṣídíkìnì kan á máa darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ẹkùn ni àwọn ìjọ wà, ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fíkà rẹ̀, àlùfáà tó ń bójú tó o. Nínú gbogbo ìjọ ẹkùn, ọ̀kan ló máa ń jẹ́ olórí, fíkà ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sábà máa ń fi jẹ aṣídíkìnì. Nítorí náà, nígbà tí dáyósísì bá jẹ́ tuntun, oyè máa ń pọ̀ nílẹ̀, àwọn ènìyàn Ọlọ́run kì í sì í sùn dáadáa.

Ìjọ méjì ni oyè ẹkùn tiwa kàn. Ọ̀kan wà ní Apápá, ilé olókùúta tí àwọn òyìnbó ọlọ́kọ̀ ojú omi kọ́ fún ara wọn, ó ní dùùrù ńlá, ó ní àga tí wọ́n fi awọ bò. Tiwa wà ní Ajégúnlẹ̀, gọ́tà ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, a máa ń gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ìwàásù. Lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù tuntun pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn ara rẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí òun tó dé fún ìbẹ̀wò. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà ni yóò yan ìjọ olórí.

Akọ̀wé ìjọ wa, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ìwé kíkọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ga, ó tínrín, kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ẹlòmíràn bá ṣubú. Ó ní, "Àwọn ará Apápá ní dùùrù. Kí la ní? Ìtàn la ní. Ìwọ lo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Lọ wá a jáde."

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé ẹrù ní wáàfù, èjìká rẹ̀ kan ti wọlẹ̀ ju èkejì lọ. Mo bi í pé níbo ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ rèé:

"Yàrá ìyàwó kejì ni. A ò ju méje lọ. Ọkọ rẹ̀ àtèmi la jọ wà ní wáàfù, ó ní ká lo yàrá náà torí òun ló fẹ̀ jù. Ìyálé wà ní yàrá kejì, ó ń ṣépè. Lọ́jọ́ kan tí a ń gbàdúrà lọ́wọ́, ó gbé omi tó fi fọ ẹja, ó dà á lé wa lórí látojú fèrèsé. Olùkọ́ ìjọ ní kí ẹnì kankan má lajú. A ò lajú. Nígbà tí a ṣe Àmín, ìpẹ́ ẹja wà lórí Bíbélì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàwó kejì yẹn ṣì wà láyé. Ìyá Afọṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Inú yàrá kan náà ló ń gbé, ẹ̀yìn gọ́tà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, òun ló sì ń fọ àwọn aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì Olúwa àti àwọn aṣọ pélébé tí àlùfáà fi ń nu ife wáìnì. Fífọ aṣọ yẹn ní òfin tirẹ̀. Omi àkọ́fọ̀, èyí tí wáìnì bá ti wọ̀, kò gbọdọ̀ kan gọ́tà. Ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń dà á sí. Ṣùgbọ́n níbo ni ilẹ̀ tó mọ́ wà ní Ajégúnlẹ̀? Obìnrin yìí wá bu iyẹ̀pẹ̀ láti Ìjọra, ó rù ú lórí wálé, ó kó o sínú bàsíà kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó gbin ewúro sínú rẹ̀. Orí ewúro yẹn ló ń da omi náà sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a. Àwọn ayálégbé yòókù ń pè é ní Ewúro Jésù. Tí inú bá ń run ẹnì kan, wọn á ní kó lọ bẹ Ìyá Afọṣọ fún ewé kan, kó má baà kú lẹ́ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa rí. Òfin ìjọ wa nígbà náà ni pé ìyàwó kejì lè gbálẹ̀, ó lè kọrin, ó lè fọṣọ, kò lè jẹ ẹ́. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó méjì náà kò lè jẹ ẹ́. Ìyálé nìkan ló lè jẹ ẹ́, ìyálé tiwọn sì ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Nígbà tí ìjọ kúrò ní yàrá lọ sínú ilé ìjọsìn, ìyálé wọ aṣọ tó dára, ó wá jókòó níwájú. Tí gbogbo ènìyàn bá dìde lọ kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, ìyàwó kejì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, á máa wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kan ife, lẹ́yìn náà á gba aṣọ náà lọ sílé lọ fọ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú ìwé ìtàn yẹn, ọkọ rẹ̀ kú. Ìyálé ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká, wọn kì í wá. Opó ni Ìyá Afọṣọ wá jẹ́, òfin kò mú un mọ́. Fíkà sọ fún un pé tí bíṣọ́ọ̀bù tuntun bá dé, ó lè gbọ́wọ́ lé e lórí, kí wọ́n kọ́nfámù rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó lè jẹun. Wọ́n fi í sínú kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó dàgbà ju tíṣà lọ, kí ló tún fẹ́ kọ́. Ó mọ kátíkísìmù náà látòkè délẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé fún ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí mo lọ gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀, kò sọ púpọ̀ nípa yàrá náà. Nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ìka dán irin wò. Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ tí mò ń fọ̀ yìí, mo fẹ́ jẹun lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí mo bá ti jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n tún máa pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n."

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo gbé ìwé àkọ́kọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Akọ̀wé kà á sókè. Nígbà tó dé ibi ìyàwó kejì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó tún ibẹ̀ kà. Ó bi mí bóyá ohun tí mo fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù kà nìyẹn, pé orí ibùsùn ìyàwó kejì ni wọ́n bí wa sí. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní àwọn ará Apápá máa fún wa lórúkọ tí kò ní kúrò lára wa títí Jésù á fi dé. Fíkà wa, tí kò tíì pé ogójì ọdún, ń wo èékánná rẹ̀. Òun ni wọ́n máa fi ṣe aṣídíkìnì bí a bá yege, gbogbo wa la sì mọ̀. Ohun tó sọ kò ju pé kí a fi ọgbọ́n ṣe é.

Ọgbọ́n náà kò pẹ́ jáde. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ pé yàrá ìyálé ni. Ó ti kú, ó ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa títí ó fi kú, orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ìwé. Bàbá ará Ìlàjẹ tí wọ́n pè wá gẹ́gẹ́ bí àgbà gbé orí sókè.

"Ìyálé wo? Ẹni tó da omi ẹja lé wa lórí?"

Akọ̀wé kò tilẹ̀ wò ó. Ó na ìka sí mi. "Ṣé omi ló dà? Kọ ọ́ pé ó máa ń pèsè omi fún àwọn ará."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wà ní ojú ewé kẹta ìwé náà títí dòní.

Ṣùgbọ́n Ìyá Afọṣọ wà láyé, ó sì ní ẹnu. Wọ́n ní kó tẹ̀ka sí i kó má baà sọ nǹkan mìíràn fún bíṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé àtèmi la jọ lọ. Ó gbé omi tútù wá fún wa, ó kúnlẹ̀ gbé e sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún bíi mélòó kan ju akọ̀wé lọ. Akọ̀wé kò mu omi náà. Ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n máa kọ́nfámù wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́nfámù àbí ẹ ò fẹ́?"

Ìyá náà ní òun fẹ́.

"Ẹ tẹ̀ka síbí nígbà náà, pé ọ̀dọ̀ ìyálé yín ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, màá yọ orúkọ yín. Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ìjọ ni."

Mo ka ìwé náà sí i létí. Ó gbọ́ ibi tí mo ti kà pé ìyálé rẹ̀ pèsè omi. Ó yíjú sí fèrèsé náà gan-an, fèrèsé tí omi ẹja gbà wọlé, ojú rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bi wá bóyá wọ́n á ṣì gbọ́wọ́ lé òun lórí. Akọ̀wé ní bó bá ti tẹ̀ka. Ó ní, "Ẹ fi ìtàn náà fún un. Ó ti kú, kí ló fẹ́ fi ṣe?" Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró kó tó tì í bọ inú yíǹkì, bíi pé aṣọ tábìlì ló fẹ́ fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ tí mo ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn atẹ̀wé, akọ̀wé wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ní Apápá. Ọ̀sán gangan ni. Ó ní nǹkan kan kù. Ẹni tó bá ka "ìyálé" yóò mọ̀ pé ìyàwó kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí n yí ìyálé padà sí "aya rẹ̀", kí n sì fi gbólóhùn kan kún ojúlówó ìwé náà lókè ibi tí ìyá tẹ̀ka sí, pé aya kan ṣoṣo ni ọkọ náà fẹ́ láyé rẹ̀.

Mo bi í pé Ìyá Afọṣọ ńkọ́.

Ó ní, "Ta ló máa bi í ní nǹkan kan? Arúgbó ni. Ó máa kúnlẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, ó máa dìde. Ṣé bíṣọ́ọ̀bù máa ń ka ìwé ni?"

Ìròyìn ọkọ̀ ojú omi kan tí ìrẹsì ti rà nínú rẹ̀ wà lọ́rùn mi, ọ̀gá mi sì ń pariwo mọ́ mi. Mo tẹ gbólóhùn náà. Kò gba àkókò ju kí ènìyàn sín lọ.

Àṣìṣe tí a ṣe nìyẹn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí a ti mọ̀ kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gbà á, wọ́n máa ń gbàdúrà lé e, wọ́n máa ń gbé e fún awakọ̀ wọn. Èyí ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún púpọ̀ kó tó gba oyè. Ó máa ń kàwé pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì pupa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kan ṣáájú ìsìn ńlá, ó jókòó nínú yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń wọṣọ, ó ní òun fẹ́ rí àwọn tí wọ́n máa kọ́nfámù lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíkà dúró ní ọ̀tún rẹ̀, akọ̀wé ní òsì. Èmi wà nídìí ilẹ̀kùn, torí wọ́n ní kí n kọ ìròyìn ìbẹ̀wò náà. Àwọn ọmọbìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń ka àdúrà sínú. Ìyá Afọṣọ jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, aṣọ funfun tí ó rán fún ọjọ́ kejì wà lára rẹ̀ láti àná, torí ó fẹ́ kó mọ́ ọn lára.

Nígbà tó kàn án, ó dá gbogbo ìbéèrè lóhùn. Kò já ọ̀rọ̀ kan. Bíṣọ́ọ̀bù yìn ín, ó ní ó ju àwọn ọmọ lọ. Lẹ́yìn náà ló wo ìwé orúkọ.

"Wọ́n kọ opó síbí, ìyá. Opó ta ni yín?"

Ó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó ń fi ilé hàn.

Bíṣọ́ọ̀bù ṣí ìwé ìtàn wa. Mo rí i pé ó ti fa ìlà pupa sábẹ́ oríṣìíríṣìí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wá ojú ewé náà kàn, ó kà á, ó tún wò ó.

"Ìwé yín ní aya kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí fẹ́, aya náà sì ti kú ṣáájú rẹ̀. Ta wá ni ẹ̀yin, ìyá?"

Fáànù ń dún lókè orí wa. Ìyá Afọṣọ wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo fáànù.

"Èmi ni ìyàwó kejì, Olúwa mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bíṣọ́ọ̀bù bi akọ̀wé pé èwo ni òótọ́ nínú ohun tí ìyá sọ àti ohun tí ìjọ kọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà gún akọ̀wé. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó máa jẹ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́wọ́, gbogbo ìwé náà di irọ́, oyè sì lọ sí Apápá.

Ó ní, "Ohun tí a kọ ni, Olúwa mi. Ìka ìyá fúnra wọn ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀." Ó mú ojúlówó ìwé náà jáde.

Bíṣọ́ọ̀bù wo ìka náà, ó wo ọwọ́ ìyá. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní èmi ni.

"Ṣé o ní ẹlẹ́rìí sí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀?"

Fíkà ń wò mí. Ìyá Afọṣọ náà ń wò mí, ojú rẹ̀ balẹ̀. Ó mọ̀ pé mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe sọ ọ́.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

Bíṣọ́ọ̀bù kò jágbe mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ní òun kò lè gbọ́wọ́ lé obìnrin tó bá ọkùnrin gbé láìjẹ́ aya rẹ̀, tó tún pe ara rẹ̀ ní opó níwájú òun, lẹ́yìn tó ti fi ìka ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun kì í ṣe aya. Kó lọ ronú pìwà dà. Bí òun bá tún padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kó wá. Ó fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, ó fi rúlà fà á kó lè tọ́.

Ìyá Afọṣọ dìde. Ó kàn béèrè ohun kan.

"Ṣé kí n ṣì wá gba aṣọ ọ̀la lọ fọ̀?"

Bíṣọ́ọ̀bù kò mọ ohun tó ń sọ. Ó wo fíkà. Fíkà kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ máa gbà á, ìyá."

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu gọ́tà. Ìyá Afọṣọ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, nínú aṣọ funfun kan náà. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ lọ síwájú, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn, wọ́n jẹun. Ẹni tó bú sẹ́rìn-ín náà jẹun. Nínú ìwàásù rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù yin ìyá tó dá ìjọ wa sílẹ̀, ó ní kí àwọn obìnrin wa máa fara wé obìnrin tó pèsè omi fún àwọn ará nígbà tí kò sí ẹni tó rántí wọn. Bàbá ará Ìlàjẹ tó wà nítòsí mi ń mì tìtì. Mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí ní Píjìn pé, "Fish water don turn holy water." Kó tó gba àdúrà ìkẹyìn, bíṣọ́ọ̀bù kéde pé ìjọ wa ni olórí ẹkùn. Àwọn aṣojú Apápá pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá Ìyá Afọṣọ. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, n kò mọ ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, àwọn aṣọ pélébé tí wọ́n fi nu ife wà nínú abọ́ tánganran níwájú rẹ̀, omi náà ti pọ́n díẹ̀. Kò sọ fún mi pé kí n jókòó. Ó fún aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ náà dání. Mo rò pé ó fẹ́ dà á sórí ewúro. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó sì dorí abọ́ kodò kí èyí tó kù lè kán sí i lẹ́nu.

Ó nu ẹnu. Ó ní, "Èmi náà ti jẹ ẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ́. Mo lè sọ pé torí kí fíkà lè ṣàánú rẹ̀ ni, kó lè lọ bá bíṣọ́ọ̀bù sọ òótọ́. Ìyẹn wà níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ìròyìn tó dùn ni, n kò sì lè pa á mọ́ra. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ti bá a, àwọn tó wá bá a yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe dorí abọ́ kodò àti ohun tó sọ. Fíkà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ kì í ṣe sí ibi tí mo fojú sí.

Ó ní, "Ó mu ún? Ẹni tí wọn ò kọ́nfámù?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti lọ kó aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti èyí tó mọ́ àti èyí tí kò tíì fọ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló lọ, ó kà wọ́n níṣojú rẹ̀ bóyá ó ti fi ọ̀kan pamọ́. Láti ìgbà yẹn, ilé ìfọṣọ kan ní Apápá ni wọ́n ń gbé wọn lọ, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ wọ́n pẹ̀lú kọ́tìnì àwọn ènìyàn. Gọ́tà ni omi rẹ̀ ń lọ, àkọ́fọ̀ àti àfọ̀kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bínú sí ìyẹn.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ Ìyá Afọṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gbé bàsíà ewúro náà síwájú, ó ń já ewé rẹ̀ sínú abọ́ tánganran kan náà, ó fẹ́ fi se ọbẹ̀. Igi náà ti fẹ́ tán. Ó rí mi, kò dáwọ́ dúró.

"Ṣé o tún wá gbọ́ nǹkan tí o máa lọ rò fún wọn ni?"

Mo ní rárá.

"Ó dára, torí kò sí nǹkan kan mọ́."

Kò pé ọdún mẹ́ta tí bíṣọ́ọ̀bù dá fún un tó fi kú. Bàbá ará Ìlàjẹ ló lọ bá fíkà, tó ti di aṣídíkìnì, pé kí ìjọ wá sin ín. Ohun tí bàbá náà sọ fún mi nípa rẹ̀ nìyí: "Ó ṣí ìwé. Ó ní kò sí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń jẹun, kò sí i láàárín àwọn aya, kò sí i nínú ìtàn ìjọ. Mo ní, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ ni. Ó ní, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá." Àwọn ayálégbé àti àwọn ará wáàfù ló sin ín sí itẹ́ òkú ìjọba. Bàbá náà ló gbàdúrà. Ó ní òun kò pa ojú dé lọ́tẹ̀ yìí.

Kí àwọn ọdún àádọ́rùn-ún tó parí, ìjọ fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ tún ìwé ìtàn náà tẹ̀. Akọ̀wé tuntun fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé bí àtúnṣe kankan bá wà, kí n ṣe é kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pẹ́ lójú ewé kẹta. Mo tún lẹ́tà méjì tí àwọn atẹ̀wé fi sí òdì ṣe, mo sì dá a padà ní Ọjọ́bọ̀.